Ẹ Pe Orúkọ Obìnrin Tó Mú Owó Wá

Sí Olóòtú,

Ní oṣù tó kọjá, mo wà níbi ètò ìkówójọ kan ní Àkúrẹ́, tí wọ́n fẹ́ fi tún òrùlé ilé ẹ̀kọ́ ṣe. Ìyá aláta kan tú etí ìró rẹ̀, ó ka ₦50,000 sórí tábìlì, ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ rẹ̀, tí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀, ni wọ́n kéde. Ìyá náà kò sọ nǹkan kan. Ó so ìró rẹ̀ padà, ó jókòó. Ó dùn mí wọra.

Láti inú èésú àti àjọ ni àwọn ìyá wa ti ń ṣàánú tipẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ti gùn sí i. Ìyáàfin Betty Anyanwu-Akeredolu, tó padà di aya gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó, dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ ní 1997, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ní jẹjẹrẹ ọmú, kí àwọn obìnrin mìíràn lè tètè mọ àmì àrùn náà. Ní Ọjà Ọba wa níhìn-ín, àwọn aláta kan máa ń yọ nínú owó àjọ wọn san owó ìdánwò WAEC fún ọmọ opó, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ni opó, wọ́n sì mọ ohun tí ojú opó ń rí.

Mo bẹ ẹ̀yin oníròyìn àti ẹ̀yin alága ètò: ẹ máa pe orúkọ ẹni tó mú owó wá gan-an, kí ẹ sì fi obìnrin sínú ìgbìmọ̀ tí yóò ná an. Ọkùnrin nìkan ló wà nínú ti ilé ẹ̀kọ́ yẹn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Àkúrẹ́