Lẹ́tà sí bàbá apẹja kan ní Gilleleje, ìlú etíkun kan ní Dẹ́nmárkì, ọdún 1943

Ẹ̀yin bàbá mi tí n kò mọ orúkọ yín,

Ẹ kú ewu omi. Ọmọ apẹja ni mí. Ẹja ni wọ́n tà tí mo fi kàwé, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí mo bá ń ka ìtàn ọdún yẹn, nígbà tí àwọn Júù Dẹ́nmárkì ń sá fún àwọn Násì, ìjọba Jámánì tó ń pa àwọn Júù, ọkọ̀ ni ọkàn mi kọ́kọ́ máa ń lọ bá.

Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ pé Ọba Christian Kẹwàá ti Dẹ́nmárkì so ìràwọ̀ tí àwọn Násì fi ń dá àwọn Júù mọ̀ mọ́ àyà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Násì kò tilẹ̀ fipá mú àwọn Júù Dẹ́nmárkì so ó. Georg Duckwitz, ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Násì fúnra rẹ̀, ló ta àwọn olóṣèlú Dẹ́nmárkì lólobó ní 28 oṣù Kẹsàn-án pé wọ́n fẹ́ wá kó àwọn Júù. Ní ọjọ́ kejì, Rábì Marcus Melchior sọ fún ìjọ rẹ̀ ní Copenhagen pé kí wọ́n lọ sá pamọ́. Nígbà tí àwọn Násì fi máa ya wọlé lóru 1 oṣù Kẹwàá, ọ̀pọ̀ ilé ti ṣófo.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kàn yín. Ẹ kó tọmọdé tàgbà sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí ẹ máa ń da ẹja sí, ẹ fi tapólì bò wọ́n. Dókítà ti gún àwọn ọmọ kan lábẹ́rẹ́ oorun kí wọ́n má baà ké. Swídìn wà ní òdìkejì omi.

Wọ́n ní ẹ gbowó, pé nígbà mìíràn ó tó 1,000 króònù, owó Dẹ́nmárkì, lórí ẹnìkan. Àwọn kan ń tìtorí ẹ̀ bẹnu àtẹ́ lù yín. Mi ò lè bá wọn ṣe é. Bí àwọn Násì bá mú yín, ọkọ̀ yín lè lọ, ẹni tó bá sì gba ọkọ̀ lọ́wọ́ apẹja, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló gbà. Lọ́jọ́ tí ìjì fọ́ ọkọ̀ bàbá mi, wọ́n jókòó sétí omi, wọ́n di àfọ́kù pákó kan mú, wọn ò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n ó dùn mí fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ tó ń gbọ́ iye tí ẹ dá lé e. Ọpẹ́ ni pé àwọn mìíràn dáwó fún irú wọn.

Ó lé ní 7,000 Júù tó gúnlẹ̀ sí Swídìn. Ní ìlú yín gan-an, nǹkan bí 80 tó fara pamọ́ sí àjà ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn Násì kó lóru 6 oṣù Kẹwàá. Síbẹ̀ àwọn apẹja Dẹ́nmárkì ṣì ń gbé ènìyàn kọjá lẹ́yìn ìgbà náà.

Bàbá, ká ní èmi ni mo gbé ọmọ dúró sí etíkun yẹn, n bá ka owó náà lé yín lọ́wọ́, n bá sì tún dọ̀bálẹ̀.

Èmi, ọmọ apẹja