Ẹ Rántí Àwọn Tó Padà Wálé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, tí ìjọba fi ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun tó ṣubú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká máa rántí àwọn tó padà wálé pẹ̀lú. Bàbá wa ní Ẹ̀pẹ́ wà lára wọn. Ọta ìbọn kò kúrò ní itan rẹ̀ títí ó fi jáde láyé, síbẹ̀ òun ló ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́, òun náà ló sì ń bá ìyá wa yan ẹja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá wa kò gbà pé ó mọ̀ ọ́n yan. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló ń lé kiri títí ó fi kú.

Èmi ni,
Ọmọ jagunjagun kan, Ẹ̀pẹ́.