Àdùkẹ́, bá mi gbọ́ ti Bàbá Ìbejì

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ wípé o máa ní kí ló dé tí mi ò kàn pè, tí mo wá jókòó ti lẹ́tà bí ará àtijọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé sọ lórí fóònù nínú ilé wa ni o, etí ọkùnrin yẹn ti gùn láti ọjọ́ tó ti ń bá àwọn olóṣèlú rìn. Ìyá yín wà dáadáa, mo yà kí wọn ní Òkè-Àdó lọ́jọ́ Sátidé, ẹsẹ̀ yẹn ti fúyẹ́, wọ́n tiẹ̀ bú mi wípé mo rù. Àwọn ìbejì ti wọ JSS 1. Mọ́tò mi ti kọṣẹ́ pátápátá. Ó tán.

Bàbá Ìbejì fẹ́ di ọnọ́rébù.

Kì í ṣe àwàdà. Lọ́yà tó ní inú kóòtù lòun máa darúgbó sí, tó máa ń pe olóṣèlú ní oríṣiríṣi orúkọ nígbà tá a wà ní UI, òun náà ló ń lọ mítìn wọ́ọ̀dù nírọ̀lẹ́ báyìí, tó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn tó jẹ́ wípé tí wọ́n bá wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ tẹ́lẹ̀, akọ̀wé ẹ̀ ló máa dá wọn lóhùn. Ó ní ọdún 17 lòun fi ń ṣe ẹjọ́ onílé àti ayálégbé ní Ìyágankú, wọ́n á sún ẹjọ́ síwájú, adájọ́ ò ní wá, wọ́n á tún sún un, ó ní kóun kúkú lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe òfin gan-an, nílé aṣòfin Ọ̀yọ́ ní Agodi. Mo ní ṣebí 32 péré ni àga tó wà níbẹ̀, ta ló ń dìde fún ẹ? Ó ní wọ́n máa dìde.

Ọbasa ti Èkó ló wá fi ń dá mi lẹ́kun. Ó ní ṣé mi ò rí i ni, kánsílọ̀ ni l'Ágége ní 1999, ó lọ kàwé lọ́yà ní LASU, ó wọ ilé aṣòfin ní 2007, nígbà tó fi máa di 2015 ó ti di olórí ilé. Mo ní parí ìtàn náà nù-un, January 2025 tó rìnrìn àjò ńkọ́, ṣebí wọ́n yọ ọ́ kó tó dé. O rántí ariwo tá a pa lórí WhatsApp lọ́jọ́ yẹn, wípé Mojisọ́lá Meranda ni obìnrin àkọ́kọ́ tó máa jókòó sórí àga yẹn l'Ékòó, a ò tíì jó tán, ọjọ́ 49 péré, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀, ọkùnrin yẹn padà sórí àga, ìyáàfin padà sí igbákejì. Bàbá Ìbejì ní ẹ̀kọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo lèmi rí: kéèyàn má rìnrìn àjò.

Owó ńkọ́? Ní 2022 tí wọ́n ń múra ìbò 2023, fọ́ọ̀mù ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ nìkan, mílíọ̀nù 2 náírà ni APC tà á, PDP ta tiwọn ní 600,000, àwọn tó máa dìbò abẹ́lé ò sì tíì nawọ́ nìyẹn o. APC ní kí obìnrin san díẹ̀ níbẹ̀, mo wá ní kí n kúkú jáde dípò ẹ̀, ká fi dín ináwó kù. Kò rẹ́rìn-ín.

Bó bá tiẹ̀ wọlé, ó mọ̀ wípé òun ò lè máa gba ẹjọ́ mọ́. Òun fúnra ẹ̀ ló fi hàn mí nínú ìwé òfin, wípé ẹni tó wà nípò ìjọba ní kíkún ò gbọdọ̀ máa ṣe iṣẹ́ àdáni, àfi iṣẹ́ àgbẹ̀. Kó fi wíìgì kọ́ ògiri nìyẹn, kó ra ọkọ́. Bàbá Ìbejì, tí ò lè bomi rin ẹ̀fọ́ tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé! Lẹ́yìn ọdún 4 tí wọn ò bá dá a padà, kílẹ́ǹtì wo ló ṣì ń dúró dè é?

Mò ń fi ṣàwàdà ni o, oorun ò kun ojú mi. O rántí December 2001, tí wọ́n pa Bọ́lá Ìgè nínú ilé ẹ̀ ní Bódìjà, tí ìyá yín ò jẹ́ ká jáde títí Kérésì fi kọjá. Lọ́yà lòun náà, mínísítà ètò ìdájọ́ ni lọ́wọ́ lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tí kóòtù dá lẹ́bi títí dòní. Mo sọ ọ́ fún Bàbá Ìbejì, ó ní ta ló máa tìtorí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ pa òun. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wá lọ jókòó sí bálùwẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ gan-an rèé. Ilẹ̀ tí èmi pẹ̀lú ẹ jọ ní ní Mọ́níyà. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti débẹ̀ ni owó ẹ̀ ti ń gbéra, ó sì ti gbọ́. Ó ní ká tà á, kí ìwọ náà fọwọ́ sí i, wípé òun á san án padà lẹ́yìn ìbò. Ó máa pè ẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, á kọ́kọ́ bèèrè àwọn ọmọ, á kí ẹ kú òtútù, o mọ ẹnu ẹ̀. Jọ̀ọ́, sọ wípé o ò rí ìwé ilẹ̀ náà mọ́ látìgbà tẹ́ ẹ ti kó lọ sílé tuntun. Mo mọ̀ wípé o ò mọ irọ́ pa, ẹ̀rín ló máa ń gbé ẹ bíi ti ọjọ́ yẹn níwájú wọ́dìn, torí ẹ̀ má gba fídíò o, ohùn nìkan ni kó o gbà.

Àbí kí n jẹ́ kó ṣe é ni? Lánàá mo bá a níwájú dígí tó ń dá sọ̀rọ̀, nípa àwọn ayálégbé tí wọ́n ń lé jáde lójú òjò. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbọ́ ọ títí tó fi parí. Ó dùn, Àdùkẹ́, ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Má tíì fọwọ́ sí nǹkankan ṣá. Ìyá yín ló lọ èlùbọ́ tó wà nínú báàgì yìí, mo fi lẹ́tà sábẹ́ ẹ̀ kí àbúrò ẹ má bàa kà á. Tó o bá ti rí i, fi "èlùbọ́ ti dé" ránṣẹ́ sí mi, kó o má kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ìbejì ló ń gbé fóònù mi kiri.

Èmi ni,
Àjọkẹ́ ẹ