Àbẹ̀kẹ́, jẹ́ ká lọ ṣe àyẹ̀wò náà

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Nígbà tí mo mẹ́nu ba àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ lórí fóònù lánàá, o ní, "Màámi, ṣé ẹ rí mi bí oníṣekúṣe ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n fojú kan oorun. Ohun tí àbúrò mi tó wà ní Lafiájì sọ gan-an nìyẹn.

Bí òun àti ọkọ rẹ̀ bá ti sùn pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á yọ. Òru ló máa ń fọ ìró rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ó ra kápúsù ní kẹ́míìsì, ó mu àgbo àtọ̀sí, oṣù mẹ́jọ lọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo fi máa wọ́ ọ dé ọsibítù, jẹjẹrẹ ti jẹ kọjá ibi tí wọ́n lè gé. Ọkọ rẹ̀ nìkan ni ọkùnrin tó mọ̀ láyé, Àbẹ̀kẹ́.

Kòkòrò àrùn HPV ló ń fa jẹjẹrẹ yìí. Ìbálòpọ̀ la fi ń kó o, ó sì wọ́pọ̀ débi pé ọkọ kan péré ti tó. Kì í yún ni, kì í dun ni. Ara ọ̀pọ̀ èèyàn á lé e lọ láàárín ọdún 2. Èyí tó bá jókòó pa lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ. Inú ọdún wọ̀nyẹn ló yẹ ká ti ká a mọ́. Kọ́ńdọ̀mù ń dín in kù, àmọ́ kò dí i tán, torí awọ kan awọ ló fi ń ràn.

Èmi náà ti ṣe àyẹ̀wò náà. Nọ́ọ̀sì rẹ òwú sínú fínígà, ó fi kan ẹnu ilé ọmọ, ó sì tan iná wò ó: ibi tí kò bá dáa á funfun. Ó ta mí díẹ̀, mo di bẹ́ẹ̀dì mú, ó ti parí. Bí wọ́n bá rí nǹkan, wọ́n lè fi ooru jó o kó tó burú.

Ìbídùn ọmọ rẹ náà ti pé ọmọ ọdún 10. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba ti ń gún abẹ́rẹ́ HPV lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, Èkó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ẹni tó sọ fún ọ pé ó ń dí ilé ọmọ, irọ́ ló pa.

Mi ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmọ̀tà lọ́jọ́bọ̀. Dúró dè mí ní Yàbá láago 8. Wọ síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀, kí o má baà bọ́ aṣọ púpọ̀.

Ìyá rẹ