Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí ọdún

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwa tí a ń ṣàtúnṣe ojú ewé Wikipedia lórí Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀ ní ẹ̀bẹ̀ kan.

Ẹnì kan á kọ ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sójú ewé láìfi orísun tì í. Akọ̀ròyìn tí àkókò ń lé á rí i, á gbé e jáde láìsọ ibi tó ti mú un. Tó bá yá, olùṣàtúnṣe mìíràn á béèrè pé orísun dà, wọ́n á sì fi ìwé ìròyìn yẹn ṣe ẹ̀rí. Ó parí! Bí ìwé ìròyìn mẹ́rin bá gbé e, ẹnu ẹnì kan náà ló ti jáde. Kò sẹ́ni tó purọ́ níbẹ̀. Olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn ti yẹ̀ ẹ́ wò ni.

Ọgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn wà lóòótọ́. Lọ́dún 1906, ní Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èèyàn fojú díwọ̀n ohun tí ẹran màlúù kan máa wọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á. Francis Galton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, yẹ ìwé pélébé 787 tí wọ́n kọ ìdíwọ̀n wọn sí wò: iye tó bọ́ sí àárín jẹ́ pọ́ùn 1,207, òṣùwọ̀n sì gbé 1,198. Ṣùgbọ́n ńṣe ni kálukú dá kọ tirẹ̀. Lórí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, bí àgbà kan bá ti fọhùn, "òótọ́ ni Bàbá sọ" ló máa tẹ̀ lé e láti òkè délẹ̀. Ohùn ọgọ́rùn-ún nìyẹn, ẹ̀rí kan ṣoṣo.

Nítorí náà, kí akọ̀ròyìn yín tẹ ibi tí wọ́n kọ "Wo ìtàn" sí lókè ojú ewé, kó wá ọjọ́ tí gbólóhùn náà kọ́kọ́ wọlé. Bí ìwé tí wọ́n tọ́ka sí bá jáde lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kó má gbára lé e. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ojú ewé yẹn gan-an ni wọ́n ti dà á kọ. Kó ka abala ìjíròrò pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni iyèméjì máa ń wà. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbà Ṣọ̀ún Ògúnlọlá tó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó, kó fura sí ọdún tó bá dá lójú jù: ìtàn ẹnu máa ń fi ìjọba ka ìgbà ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ orísun sábẹ́ ìròyìn: orúkọ ìwé àti ojú ewé rẹ̀, tàbí agboolé àgbà tó sọ ọ́. Bó bá jẹ́ Wikipedia ni, ẹ kọ Wikipedia, kí àwa náà má baà tún fi í ṣe ẹ̀rí fún ara rẹ̀.

Àwa olùṣàtúnṣe,
Ògbómọ̀ṣọ́