Bá mi dé Matamata

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ara àwọn ọmọ le bí? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà nílé, a dúpẹ́.

Nígbà tí o kọ̀wé pé iṣẹ́ ti gbé ọ kúrò ní Auckland wá sí Hamilton, ní New Zealand níbẹ̀, Matamata ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Kò jìnnà sí ọ mọ́ rárá. Oko àgùntàn tí Peter Jackson, olùdarí fíìmù, kọ́ abúlé àwọn hobbit, àwọn èèyàn kúkúrú inú ìtàn, sí fún fíìmù The Lord of the Rings wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kí o bá mi lọ wò ó, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé o rántí ibi tí Gandalf, àgbà oṣó, àti Frodo, ọ̀kan nínú àwọn hobbit, ti jókòó sídìí tábìlì kan nínú fíìmù àkọ́kọ́, tó jáde ní 2001? Gandalf rí gàgàrà, Frodo rí bíńtín. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Ian McKellen àti Elijah Wood, àwọn òṣèré tó ṣe wọ́n, kò tó bẹ́ẹ̀. Ṣe ni wọ́n la tábìlì yẹn sí méjì. Apá ti Gandalf sún mọ́ kámẹ́rà, apá ti Frodo wà lẹ́yìn, ife ọwọ́ wọn kò sì tóbi bákan náà. Ojú kan ṣoṣo ni kámẹ́rà ní, kò lè mọ̀ pé àyè wà láàárín wọn. Nígbà tí Jackson wá fẹ́ kí kámẹ́rà máa rìn, èyí tó yẹ kó tú àṣírí, wọ́n gbé ìjókòó sórí pèpéle tó ń sún bí kámẹ́rà ṣe ń sún. Inú ilé Bilbo, hobbit tó jẹ́ ẹbí Frodo, pàápàá, méjì ni wọ́n kọ́: ńlá fún àwọn hobbit kí wọ́n lè rí bíńtín, kékeré fún Gandalf kó lè rí gàgàrà. Lóòótọ́, òṣèré ní láti wo ẹ̀gbẹ́ kan kó tó lè jọ pé èkejì rẹ̀ ló ń wò, ṣùgbọ́n wọ́n jọ wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá mí kanlẹ̀, èkejì á gbọ́.

Jackson tún padà sí ilé kan náà fún The Hobbit, tó jáde ní 2012. Lọ́tẹ̀ yìí, 3D ni wọ́n fi yà á. Ojú méjì ni kámẹ́rà 3D ní bíi tèmi tìrẹ, ó mọ èyí tó jìnnà yàtọ̀ sí èyí tó wà nítòsí, ọgbọ́n tábìlì kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Ni wọ́n bá kó àwọn aràrá 13 síbì kan, wọ́n fi McKellen nìkan síbòmíràn, aṣọ aláwọ̀ ewé, tí kọ̀ǹpútà á fi àwòrán mìíràn rọ́pò, ló yí i ká. Fọ́tò àwọn aràrá ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Iná á tàn lára ti ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn. Àgbà òṣèré tó ti fi ayé rẹ̀ ṣe tíátà! Ó bú sẹ́kún, ó ní kì í ṣe nítorí èyí ni òun ṣe di òṣèré. Kò mọ̀ pé máìkì òun wà ní títàn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn, inú mi sì ń bàjẹ́ títí di òní.

Má rò pé mo kórìíra kọ̀ǹpútà o. Kọ̀ǹpútà ló ṣe awọ àti ojú Gollum, ẹ̀dá abàmì inú ìtàn náà, ní 2002, mo sì gbà pé ẹ̀dá alààyè ni. Ṣùgbọ́n Andy Serkis, òṣèré tó ṣe é, wà níbẹ̀, ó ń rákò lórí òkúta, ó ń bá Frodo àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Sam jìjàkadì. Wọ́n rí ẹni dì mú. Òṣèré tí kò bá rí nǹkan kan níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ á sọ fún mi, bó ti wù kí àwọn oníkọ̀ǹpútà mọṣẹ́ tó.

Tí o bá dé Matamata, má retí yàrá Bilbo, nítorí sítúdíò ní Wellington ni wọ́n ti ya inú ilé. Wo àwọn ọgbà. Kí wọ́n tó ya fíìmù àkọ́kọ́ ni wọ́n ti gbin ewébẹ̀ sílẹ̀, kó lè jọ ibi tí èèyàn ti ń gbé tipẹ́. Kí o sì wo igi ńlá tó wà lókè ilé Bilbo. Kì í ṣe igi gidi. Irin àti sílíkónì ni, ọwọ́ èèyàn ló so ewé mọ́ ọn. Yà á ní fọ́tò fún mi láti ìsàlẹ̀ àti láti ẹ̀gbẹ́. Jọ̀ọ́, má fi ẹ̀rọ tún un ṣe kí o tó fi ránṣẹ́.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́