Ká Tó Wọkọ̀ Ìhìnrere Lọ Sókè Òkun, Ẹ Jẹ́ Ká Gbọ́ Tẹnu Onílé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú akitiyan. Mo ń kọ ìwé yìí nítorí pé àsìkò tí ọ̀pọ̀ ìjọ ní Èbúté-Mẹ́ta, Yábàá àti Ìsàlẹ̀ Èkó máa ń kéde ìrìn-àjò ìhìnrere sí orílẹ̀-èdè mìíràn ti tún dé, tí wọ́n ń gba orúkọ àwọn tó fẹ́ yọ̀ǹda ara wọn, tí wọ́n sì ń gba owó àti oògùn jọ. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo sì ti bá ìjọ wa lọ sí Sierra Leone láti ṣiṣẹ́ ìlera lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwàásù. Iṣẹ́ náà dára, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó má lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìgbìmọ̀ ìhìnrere kankan má ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú títí ìjọ tí wọ́n ń lọ bá, àti ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní àdúgbò náà, yóò fi kọ̀wé sọ ohun tí wọ́n nílò, ìgbà tí wọ́n fẹ́ ẹ, àti iye ènìyàn tí apá wọn lè ká láti gbà lálejò.

Ohun tí ojú mi rí ní abúlé kan lẹ́yìn Freetown ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Abẹ́ páànù ìjọ la tẹ́ tábìlì sí, àwọn ènìyàn sì ti tò kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Èmi ni mò ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó síwájú mi, ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì yọ sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn kan tó ti ṣófo jáde. Amlodipine ni, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Gbogbo ojú ihò rẹ̀ ló ti lu, bébà dídán ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, síbẹ̀ ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí tábìlì kí n lè ka orúkọ tó wà lára rẹ̀. Ògbufọ̀ ṣàlàyé fún mi pé àwọn àlejò kan tó wá ṣáájú wa ló fún un, pé wọ́n ní kó máa lo ẹyọ kan lójúmọ́, àti pé nígbà tó tán, ó fi sáṣẹ́ẹ̀tì náà pamọ́ kí àwọn àlejò tó bá tún dé lè mọ irú èyí tí wọn yóò fún un. Kò lọ sí ilé ìwòsàn kankan láàárín ìgbà náà, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kì í ṣe oògùn tí à ń lò tán bí oògùn ibà ni. Ìfúnpá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ga débi pé mo ní kó fẹ̀yìn ti àga kó sinmi, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, kò yí padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nílé mọ̀ pé bí a bá dá a dúró, ẹ̀jẹ̀ náà yóò tún gòkè, ewu rọpárọsẹ̀ sì wà níbẹ̀. Láti ọdún 2010 ni ìjọba Sierra Leone ti sọ ìtọ́jú di ọ̀fẹ́ fún aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ètò rere ni, ṣùgbọ́n ìyá tí mò ń sọ yìí kò sí nínú rẹ̀. Àpò ara rẹ̀ ni yóò ti mú owó oògùn jáde. Àlejò tó bá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tó ya fọ́tò, tó sì wọkọ̀ padà sí Èkó, ibi tó bá a náà ló fi í sílẹ̀ sí. Nígbà tí a fi ọ̀rọ̀ náà lọ ọ̀gá ilé ìwòsàn àdúgbò náà, kò bú wa, kò sì bú àwọn tó ṣáájú wa. Ó ṣí ìwé ńlá tó ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sí, ó ní kí a kọ orúkọ ìyá náà àti ti gbogbo àwọn tí ìfúnpá wọn ga sínú rẹ̀, kí a sì kó oògùn tí a mú wá lé òun lọ́wọ́ kí òun máa fún wọn lóṣooṣù. Àwọn ìyá ìjọ ibẹ̀ wá dá àjọ kékeré kan sílẹ̀ tí wọn yóò máa fi ra oògùn nígbà tí èyí tí a kó dé bá tán. Ọ̀nà àbáyọ yìí kò ti Èkó wá. Ọ̀dọ̀ wọn ló wà, ìjọ èyíkéyìí tó bá sì fi ìwé béèrè yóò gbọ́ ọ kó tó kúrò nílé.

Ohun mìíràn wà tó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti múra ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ láti kọ́ àwọn ará abúlé bí a ṣe ń fọ ọwọ́. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn náà jókòó, ó gbọ́ ọ tán, ó sì dúpẹ́. Lálẹ́, nígbà tí a ń jẹun, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa bí nǹkan ṣe rí ní ọdún 2014 tí Ebola dé: bí wọ́n ṣe ń gbé garawa omi tí wọ́n po klórínì mọ́ sẹ́nu ọ̀nà, bí wọn kò ṣe lè bọ ara wọn lọ́wọ́, àti bí wọ́n ṣe gbé àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ sin láìjẹ́ kí òun sún mọ́ wọn. Ó lé ní 200 òṣìṣẹ́ ìlera tí àrùn náà pa ní orílẹ̀-èdè náà. Dókítà Sheik Umar Khan, tó ṣáájú ìtọ́jú àrùn náà ní ìlú Kenema níbẹ̀, kú ní oṣù Keje ọdún náà, kò sì pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí Dókítà Ameyo Adadevoh tiwa náà kú ní Èkó níhìn-ín. Ẹni tó la irú ọdún bẹ́ẹ̀ kọjá ni wọ́n ń kọ́ ní ọwọ́ fífọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin wa gbọ́n. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí nọ́ọ̀sì náà bọ́ síwájú kó kọ́ àwa, ẹ̀kọ́ tí a sì gbọ́ lọ́jọ́ náà wúlò fún mi, èmi tí mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ó yẹ kí èyí yé àwa ará Èkó ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí láti Freetown ni ìhìnrere ti tọ̀ wá wá. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n kó lọ sí Freetown, tí wọ́n sì ti ibẹ̀ padà wá sí Bàdágìrì àti Abẹ́òkúta, ni wọ́n kọ́kọ́ ránṣẹ́ pé kí oníwàásù máa bọ̀. Lẹ́yìn ìránṣẹ́ yẹn ni oníwàásù Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Bàdágìrì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, tí Henry Townsend sì dé ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Ẹ tún wo Thomas Babington Macaulay, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sierra Leone, tó fẹ́ ọmọ Àjàyí Crowther. Ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà, ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Bàrígà lónìí, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí ìgbóná fi pa á ní 1878. Mi ò sọ pé kí gbogbo ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ máa gbé ibẹ̀ dọjọ́ ikú. Bí àwọn kan bá sì ní Jésù ti pàṣẹ pé kí a lọ, pé a kò nílò ìwé ìpè, kí wọ́n rántí pé ará Makedóníà ló fara han Pọ́ọ̀lù lójú ìran, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rékọjá wá ran àwọn lọ́wọ́.

Oògùn tí à ń kó jọ sínú páálí lẹ́nu ọ̀nà ìjọ náà ń dùn mí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀ pé oògùn ìtọrẹ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ọdún kan sí i kí ọjọ́ rẹ̀ tó kọjá lẹ́yìn tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a fi ta lọ́rẹ, àti pé oògùn tí aláìsàn kan gbà tó sì ṣẹ́ kù kò ṣeé fi tọrẹ. Ẹ dá owó, kí ìjọ tó gbàlejò fi ra ohun tí ilé ìwòsàn wọn ń lò. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fi fóònù sápò nígbà tí a bá ń tọ́jú ènìyàn. Kò sí ọmọ tó máa fẹ́ kí wọ́n gbé àwòrán ìyá òun, tó ká apá aṣọ sókè fún ìfúnpá, sójú tẹlifíṣọ̀n ńlá inú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ohun tí àwọn ìgbìmọ̀ kì í sábà kà mọ́ ìnáwó ni ohun tí onílé ń ná lórí àlejò. Ìdílé tí mo dé sọ́dọ̀ wọn kúrò lórí ibùsùn fún èmi àti ẹnì kejì mi, àwọn ọmọ wọn sì ń sun orí ẹní ní pálọ̀. Lójoojúmọ́ ni ìyá ilé ń gún ewé gbágùúdá fún ọbẹ̀, tó ń bu ìrẹsì kún abọ́ fún wa. Mo sì rí i pé ẹja àti ẹran ń kan abọ́ tiwa, kì í kan ti àwọn ọmọ. Owó tí ìjọ kan ń ná sórí fánẹ́ẹ̀lì alákọlé àti bánà fún irú ìrìn yìí tó bọ́ ìdílé bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ ṣáájú, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ ṣe é.

Ìjọ tí a lọ bá ti kọ̀wé sí wa báyìí. Wọn kò béèrè ìsọjí, wọn kò sì béèrè aṣọ. Ẹ̀rọ ìfúnpá méjì tó ń lo bátìrì, nọ́ọ̀sì kan tó lè gbé ọ̀dọ̀ wọn fún odidi oṣù kan lẹ́yìn òjò, àti ẹni tó lè bá àwọn ìyá ìjọ ṣètò ìwé àjọ oògùn wọn ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n ní ènìyàn méjì ti tó lọ́tẹ̀ yìí. Ìgbìmọ̀ wa kò tíì fèsì, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti forúkọ sílẹ̀ láti lọ. Mo fi ìwé ìròyìn yín, tí mo mọ̀ pé wọ́n ń kà, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rán ènìyàn méjì náà, kí àwọn tó kù sì fi owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn ra oògùn fún àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ńlá ilé ìwòsàn yẹn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì afẹ̀yìntì kan,
Èbúté-Mẹ́ta, Èkó.